Ajá oṣù

Iná lọ lálẹ́ àná, la bá gbé àga síta. Ìràwọ̀ kan ń tàn yanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù. Màámi ní, "Àgùàlà rèé, ajá oṣù."

Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé kì í ṣe ajá ẹ̀!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Mo wá sọ fún wọn pé Àgùàlà, tí òyìnbó ń pè ní Venus, gbóná tó 465°C, òjé á yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Venera 13, ẹ̀rọ tí ìjọba Soviet sọ̀ síbẹ̀ ní 1982, ìṣẹ́jú 32 ni wọ́n ṣírò fún un. Ó lo 127, ó sì ya fọ́tò àpáta ibẹ̀ ránṣẹ́ kó tó dákẹ́.

"Ó mà gbìyànjú o. Fóònù tìẹ ńkọ́, ṣé iná ṣì wà nínú ẹ̀?"

Ó ku 4%.