Bí A Ṣe Ń Sún Mọ́ Aláìsàn Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ yín ṣì wà nílé ìwé nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 pé kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn kárí ayé. Kí kálukú jìnnà sí ẹnìkejì ni wọ́n ń pariwo rẹ̀ fún aráyé. Iṣẹ́ tiwa kò gba bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè mí délẹ̀, a kì í dúró lókèèrè tọ́jú rẹ̀. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn láì kó àrùn, láì sì kó o ran ẹlòmíràn, ni iṣẹ́ ìgbà náà kọ́ mi jù lọ.

Tí ẹ̀rọ bá ń pariwo pé èémí aláìsàn ń já, ẹsẹ̀ yín á fẹ́ sáré wọlé. Ẹ má sáré. Ẹ wọ aṣọ ìdáàbòbò tán ná. Ìbòmú N95 lè mú ó kéré tán 95 nínú 100 ohun kíkéré tó wà nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n tí àyè bá ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, asán ni. Ẹ tẹ irin orí imú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ mí síta. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ jáde létí rẹ̀, ẹ tún un wọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé láàárín oṣù Kìíní ọdún 2020 sí oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kòrónà pa tó 80,000 sí 180,000. Àwọn tí à bá jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí ni.

Bíbọ́ aṣọ náà tún gba ìṣọ́ra ju wíwọ̀ rẹ̀ lọ. Ìparí ṣíìfù ni, òógùn ti bo ara, òùngbẹ ń gbẹ yín, ọkàn yín ti ń lọ sílé. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń ṣèèṣì kan ojú. Ìbọ̀wọ́ àti aṣọ òde ni ẹ kọ́kọ́ bọ́. Ìbòmú ló kẹ́yìn, ó sì di ìgbà tí ẹ bá jáde kúrò ní yàrá aláìsàn. Tó bá jẹ́ ọṣẹ àti omi lẹ fi ń fọwọ́, kó tó ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Kí ẹnìkan dúró tì yín, kó máa wò yín. Tí ẹ bá sì rí ọ̀gá yín tó fẹ́ fọwọ́ tí kò tíì fọ̀ kan ìbòmú, ẹ sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ yín." Mo mọ̀ pé ó ń ni ọmọdé lára láti dá àgbà dúró, àmọ́ mi ò mọ ọ̀wọ̀ tó ju kí ẹ má jẹ́ kó kó àrùn lọ.

Ẹ̀rọ tí a ń fi há ìka ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 90 nínú 100, ọ̀rọ̀ ti le. Kòrónà wá fi ohun àrà hàn wá: ẹlòmíràn á wà ní 80, á ṣì máa sọ̀rọ̀, á máa tẹ fóònù. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ẹ̀rọ náà sì lè ṣini lọ́nà. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta tí ẹ̀rọ yìí fi ń sọ pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó, tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi há lọ́wọ́, ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Nítorí náà, ẹ fi ojú ara yín kún un. Ẹ ka èémí fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo iṣan ọrùn, ẹ wo ihò imú, ẹ gbọ́ bóyá ó lè sọ gbólóhùn kan parí láìdánu dúró.

Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ti bàjẹ́ gan-an, a máa ń dà á dojú bolẹ̀ fún wákàtí 16, ó kéré tán, kí apá ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀fóró lè ṣí. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń gbé e. Ẹni tó di orí àti páìpù ọ̀fun mú ló ń pàṣẹ. Yíyí yẹn làwọn ènìyàn mọ̀. Èyí tó tẹ̀lé e ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: kí etí má ká sábẹ́ orí, kí ìpéǹpéjú wà ní pípadé, kí ẹ máa yí orí rẹ̀ padà, kí àgbọ̀n àti orúnkún má di egbò. Òun ni iṣẹ́ tí mo fi ń yangàn jù.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ìbòmú ti bo ojú wa, òfin ìgbà kòrónà sì dá mọ̀lẹ́bí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ yín gàdàgbà sí àyà. Tí ẹ bá fẹ́ pe ẹbí lórí fídíò, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n máa rí: páìpù lẹ́nu, ojú tó wú, ẹni tí kò ní dáhùn. Ẹ má sọ pé "ara rẹ̀ ń yá" tí kò bá yá. Tí wọ́n bá sì dágbére tán, ẹ má tètè pa fóònù. Ìbéèrè tó ń bà wọ́n lẹ́rù ìgbà yẹn ló máa ń jáde.

Alẹ́ mìíràn máa tẹ̀lé yín délé. Ẹ bá ẹni tí ẹ jọ ṣe ṣíìfù sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò, torí òun kò nílò àlàyé. Tí oorun bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kanra mọ́ aláìsàn, ìyẹn ti kọjá àárẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ̀yin tí ẹ máa di alábòójútó wọ́ọ̀dù lọ́la, ẹ kọ ìsinmi sínú ìwé iṣẹ́, kí ẹ sì fúnra yín dúró sípò ẹni tó bá lọ jẹun.