Àyẹ̀wò ọdún: Ìwé kan lẹ́yìn ẹ̀wù

Lọ́dọọdún ni mo máa ń ka oṣù kọ̀ọ̀kan fún yín pẹ̀lú ohun tó gbé wá. Ẹ bá mi mú sùúrù lọ́tẹ̀ yìí. Mo jókòó láti rántí oṣù Kẹta, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju iṣẹ́ alẹ́, oorun ọ̀sán àti owó iná. Oṣù Kẹsàn-án, bákan náà. Gbogbo ohun tó kù lójú mi ni òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Keje, ní Blackheath ní Lọ́ńdọ̀nù, tí èmi tí ẹ mọ̀ yìí, èmi tí mo ń wọ bọ́ọ̀sì nítorí ibùdókọ̀ méjì, wọ ẹ̀wù píǹkì, tí mo sì ń sáré.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi, ló kó mi sí i. Nínú oṣù Kìíní, ó ti forúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀ fún Race for Life, eré tí wọ́n fi ń kówó jọ fún ìwádìí jẹjẹrẹ, kó tó pè mí. "Àǹtí, mo ti sanwó yín, ẹ ò lè sá mọ́." Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó wá ń pìtàn eré náà fún mi bí ẹni pé ìdílé wọn ló dá a sílẹ̀: 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a ní Battersea Park, obìnrin 680 ló wá, obìnrin nìkan náà ló sì ń sá a títí di 2019 tí wọ́n tó gba ọkùnrin láyè. "Nítorí náà, Bàbá Ìbejì ò ní àwáwí kankan." Ní 1994 yẹn, Ìjẹ̀bú-Igbó lòun fúnra rẹ̀ wà, tó ń pọnmi.

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ń gba ìtọ́jú nígbà náà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, "ara Ìyá Ìbejì ò fi bẹ́ẹ̀ yá" ni gbogbo wa ń sọ. Òun nìkan ló ń pè é ní jẹjẹrẹ, ketekete, nínú bọ́ọ̀sì pàápàá, níbi tó bá ti rí àwọn ọmọ Yorùbá tó lè gbọ́. "Ẹ máa bẹ̀rù orúkọ ẹ̀ nìṣó, òun ò bẹ̀rù tiyín."

Ẹni ọdún 43 ni. Nílùú ọba níbí, wọn kì í pe obìnrin fún àyẹ̀wò ọmú bí kò bá tíì tó ẹni àádọ́ta ọdún. Látìgbà náà lọ, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n á máa pè é títí yóò fi pé 71. Kókó tirẹ̀ ò dúró de lẹ́tà. Òun náà ló sọ fún mi nípa Dókítà Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tiwa-n-tiwa, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí wọ́n tó gba Chicago lọ. Iṣẹ́ wọn wà lára ohun tó jẹ́ ká mọ̀ pé irú jẹjẹrẹ ọmú kan wà tó máa ń mú obìnrin ní kékeré, tí àwọn oògùn tó ń bá hòmóònù jà kì í ràn, tó sì wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju lára òyìnbó lọ. Gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn ló fi kà á fún mi lórí fóònù. Èmi ń ṣe "ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n", mo ń wo fíìmù.

Mo ti ń pẹ́ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù Kejì, ó ní kí n sin òun lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, torí Bàbá Ìbejì ò ráyè níbi iṣẹ́. Mo ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Orí ibùsùn ni mo wà, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì borí. Ẹ̀rù yàrá yẹn ló ń bà mí. Ó ní kò burú, pé òun á ra adìẹ bọ̀ fún mi tí òun bá ń bọ̀, torí iṣẹ́ ti ń pa mí jù.

Ó rà á bọ̀ lóòótọ́. Mo jẹ ẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Ó lọ nínú oṣù Karùn-ún. Ẹ ti ka ìlà mẹ́ta tí mo kọ nígbà náà, mi ò ní fi kún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí pápá. Ìwé kan wà tí wọ́n máa ń fún èèyàn níbi eré yìí, téèyàn á fi pín-ìnnì kọ́ sẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀, tí á kọ orúkọ ẹni tó torí ẹ̀ sáré sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni tèmi fi wà lórí tábìlì. Orúkọ tó wà nínú páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀, mi ò fi pè é rí. Nígbà tó yá, mo kọ ÌYÁ ÌBEJÌ. Kẹ́hìndé dúró tì mí bí tíṣà, ó ní mo gbàgbé àmì orí Ì tó gbẹ̀yìn, pé màmá òun ò ní gbà. Mákà ti gbẹ kí n tó débẹ̀. Tìróò ni mo fi parí rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì 53 la wọ̀ láti Woolwich: èmi, Bàbá Ìbejì, Táyé àti Kẹ́hìndé. Ibẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹ, atẹ́gùn sì ń gbá èèyàn lójú. Gbogbo ibẹ̀ kún fún píǹkì, ó dà bí òde ìyàwó tí wọ́n ti pín aṣọ ẹbí tán tí wọ́n wá gbàgbé ìrẹsì sílé. Kìlómítà márùn-ún ni. Mo sá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó dáa, méjì. Ẹni tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ kọjá lára mi. Màmá kan tó ń tẹ ọ̀pá kọjá lára mi, wọ́n tún kú oríire sí mi.

A ti ń sún mọ́ kìlómítà kẹta nígbà tí ẹnì kan ké lẹ́yìn mi: "Ìyá Ìbejì! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ rọra o!" Mo bojú wẹ̀yìn. Màmá kan ni, á tó ẹni ọgọ́ta ọdún, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé lẹ́nu wọn. Wọ́n ti ka ẹ̀yìn mi, wọ́n rò pé orúkọ mi ni.

"Àwọn ìbejì ńkọ́?"

Mo lanu kí n ṣàlàyé. Bàbá Ìbejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wolẹ̀. Ọwọ́ mi ló na síwájú: "Àwọn nìyẹn mà, tí wọ́n ń ja ìgò omi yẹn."

"Háà, wọ́n ti dàgbà! Olúwa á wò wọ́n fún yín."

"Àmín, mà."

Wọ́n bá tiwọn lọ, wọ́n ń ki Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn bí wọ́n ṣe ń kọjá lára àwọn ọmọ náà. Àwa méjèèjì ò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bàbá Ìbejì tó ní, "Ká ló jẹ́ òun ni, á ti gbowó ìbejì lọ́wọ́ wọn."

A rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń ro mí. Ẹni tó bá rí mi nígbà yẹn á gbà pé eré ni mo ń sá lóòótọ́. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo lò, ẹ má bi mí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ dáwó, £412 ni gbogbo ẹ̀ jẹ́, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹni tó fi £2 ránṣẹ́ pẹ̀lú àdúrà tó gùn ju Sáàmù 119 lọ, "àmín" ni mo ṣì ń ṣe.

Èmi náà pé àádọ́ta lọ́dún yìí, lẹ́tà tèmi sì dé nínú oṣù Kẹsàn-án. Mo ká a, mo fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Oṣù Kọkànlá ni mo tó fà á yọ. Ẹ̀rọ yẹn tutù, ó tẹ ọmú mi pẹrẹsẹ bí ìwé, ó sì dùn mí fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sìn mí lọ. Ó lè lọ jẹ́ pé wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní ó di ọdún mẹ́ta. Mo gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè jó sí i.

Bàbá Ìbejì ní kìlómítà mẹ́wàá lòun máa sá lọ́dún tó ń bọ̀. Kó máa lọ, a óò pàdé ní bọ́ọ̀sì. Ìwé ti ọdún yìí ṣì wà lára fìríìjì mi, ibi tí mo fi tìróò kọ ti ń pa rẹ́. Kẹ́hìndé ti ra mákà tuntun méjì, ọ̀dọ̀ mi ló kó wọn pamọ́ sí. "Bìgì Mọ́mì, tó bá wà nílé wa, Táyé á fi ya bọ́ọ̀lù."