4,294,967,297: Nọ́mbà Tó Já Fermat Nírọ́

Nínú àwọn nọ́mbà ńláńlá, 4,294,967,297 ni mo fẹ́ràn jù. Bí a bá kọ 2 sílẹ̀ nígbà 32, tí a sọ wọ́n di púpọ̀ lára wọn, tí a wá fi 1 kún èsì rẹ̀, òun ni a ó rí. Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbà pé kò sí nọ́mbà tó lè pín in láìṣẹ́kù àyàfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni 3, 5, 17, 257 àti 65,537, tí wọ́n jẹ́ ẹbí rẹ̀ (a rí wọn lọ́nà kan náà, bí a bá kọ 2 sílẹ̀ nígbà 1, 2, 4, 8 àti 16), ṣe rí. Ní ọdún 1732, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, já èrò yìí nírọ́: 641 lọ́nà 6,700,417 ni.

Ẹni tó bá ń wá nọ́mbà tó lè pín 4,294,967,297 láìṣẹ́kù kò ní láti máa ta ọfà sínú òkùnkùn, nítorí pé èyíkéyìí tó bá pín in láìṣẹ́kù, bí a bá fi 64 pín òun náà, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, láàárín àwọn nọ́mbà tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù àyàfi 1 àti àwọn fúnra wọn, 193, 257, 449 àti 577 nìkan ni a óò dán wò kí ó tó kan 641. Èyí tó wù mí jù ni pé 641 jẹ́ 625 àti 16, ó sì tún jẹ́ 5 lọ́nà 128 pẹ̀lú 1 lórí. Ẹni tó bá so méjèèjì pọ̀ dáadáa lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn láìṣe ìpín gígùn kankan rárá.