Adìẹ tó kọ́ mi bí ẹyẹ ṣe ń fò

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ zoology, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín nípa bí ẹyẹ ṣe ń fò, torí èmi náà há a sórí lásán fọ́dún kan gbáko kó tó yé mi.

Lọ́jọ́ kan ní lábù, ọ̀gá tó ń kọ́ wa bi mí pé kí ló ń gbé apá ẹyẹ sókè, mo ní ẹran ẹ̀yìn ẹ̀ ni, ṣebí èjìká àti ẹ̀yìn làwa náà fi ń gbé tiwa. Wọn ò bínú, wọ́n kàn ní kí n lọ ra àgbà adìẹ, kí n tú u wò, kí n wá sọ ohun tí mo bá rí.

Mo bó awọ igẹ̀ ẹ̀. Ẹran ńlá tí gbogbo wa mọ̀ lẹ́ máa kọ́kọ́ rí, pectoralis, òun ló ń fa apá wálẹ̀, ìyẹn ò le. Abẹ́ ẹ̀ ni mo ti bá ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ egungun àyà, supracoracoideus, àyà lòun náà wà o! Àmọ́ iṣan funfun orí ẹ̀ gba ihò kékeré kan kọjá ní èjìká, níbi tí egungun mẹ́ta ti pàdé, ó wá ká gba òkè bọ́ sórí egungun apá. Mo fi ìka méjì fa ẹran yẹn díẹ̀, ni apá adìẹ tó ti kú bá gbéra sókè níwájú mi. Orí mi wú. Bí okùn kànga tó gba orí púlì ni, ò ń fà á wálẹ̀, kórobá ń gòkè bọ̀. Ìsàlẹ̀ sì ló yẹ kí ẹrù wúwo wà, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni, ẹyẹ á máa fì lójú afẹ́fẹ́.

Tẹ́ ẹ bá rówó ẹyẹlé, ẹ gbé igẹ̀ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti adìẹ. Ti ẹyẹlé pọ́n dúdú, myoglobin, èròjà inú ẹran tó ń gbá ọ́síjìn mú, ló fà á, ẹran bẹ́ẹ̀ kì í tètè rẹ̀. Ti adìẹ funfun, kó ṣáà fò fìrì sórí odi tí ajá bá lé e, ó parí.

Èyí tó ń dùn mí dòní ni pé mo kọ ọ́ nínú ìdánwò pé afẹ́fẹ́ tó gba orí apá gbọ́dọ̀ sáré kó lè bá ti ìsàlẹ̀ pàdé lẹ́yìn lásìkò kan náà. Kò sí àdéhùn kankan láàárín wọn! Ti òkè ti máa ń kọjá lọ kí ti ìsàlẹ̀ tó dé. Apá tó tẹ̀, tó gbójú sókè díẹ̀, ló ń darí afẹ́fẹ́ lọ sísàlẹ̀, bó ṣe ń ti afẹ́fẹ́ wálẹ̀ lafẹ́fẹ́ náà ń tì í sókè, òfin kẹta Newton nìyẹn, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ orí apá ò sì lágbára tó èyí tó ń tì í lábẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan nínú àlàyé méjèèjì yìí fi ọ̀kan sílẹ̀, nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ lọ́nà méjì.

Ẹ má da ìyẹ́ tẹ́ ẹ tu nù o. Ẹ mú ọ̀kan tó gùn láti apá, ẹ̀gbẹ́ kan tín-ín-rín, èkejì fẹ̀, èyí tó tín-ín-rín ló ń kojú afẹ́fẹ́. Ẹ là á díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìka rà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, á pa dé bíi síípù, torí ìkọ́ tíntìntín ló fi di ara ẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ẹ ṣẹ́ egungun apá tó sún mọ́ èjìká. Inú ẹ̀ ṣófo, kò ní mùdùnmúdùn bíi ti itan, ihò kan sì wà lápá èjìká tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ̀ ọ́ láti inú àpò tó so mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Egungun tèmi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.