Ọkọ̀ tó ń gbóná kìkì tí AC bá wà ní títàn: ohun tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù tí ẹ ń wá ibi tí ẹ máa gbé pátákó yín kọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń gbóná ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mi ò sọ pé gbogbo ọkọ̀ tó ń gbóná o. Èyí tí mò ń wí ni èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pa AC, kò sí wàhálà kankan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tan AC, kí wọ́n tó jáwọ́ nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Máìlì 12, ọwọ́ géèjì ìgbóná ẹ́ńjìnnì ti gòkè lọ. Irú ọkọ̀ yìí máa ń ya wọlé sọ́dọ̀ wa gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òun náà ló máa ń jẹ owó oníbàárà jù, torí pé kálukú ló ń yọ páàtì, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ rèé: AC kì í sábà jẹ́ orísun ìgbóná yìí. Àṣírí ohun tó ti ń ṣe ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ló ń tú. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo imú ọkọ̀. Kọ̀ńdẹ́ńsà AC, ìyẹn páálí irin tí AC fi ń tú ooru síta, ló wà níwájú pátápátá, rédíétọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, fáànù sì sábà máa ń wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Afẹ́fẹ́ tó bá máa tu rédíétọ̀ lára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ara kọ̀ńdẹ́ńsà kọjá. Bí AC bá sì ń ṣiṣẹ́, gbogbo ooru tó ń kó jáde nínú ọkọ̀, pẹ̀lú èyí tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC) dá sílẹ̀, ara kọ̀ńdẹ́ńsà yẹn ló ń tú u sí. Kí afẹ́fẹ́ tó kan rédíétọ̀, ó ti gbóná. Lọ́wọ́ kan náà, ẹ́ńjìnnì ló ń fi bẹ́líìtì yí kọ̀mpírẹ́sọ̀, ìyẹn náà ń mú kó jó epo sí i. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá máa ń gbé ẹrù méjèèjì yìí láìmikàn, kódà ní ọ̀sán gangan, torí pé àwọn tó ṣe é ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Tí kò bá lè gbé e mọ́, nǹkan kan ti jẹ àyè yẹn. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ wá ohun tó jẹ ẹ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi oníbàárà ni pé: níbo ló ti máa ń gbóná? Wọ́n á ní, “Ó kàn ń gbóná ṣá ni.” Ẹ má gbà. Ẹ bi wọ́n bóyá inú gosló ni, bóyá orí ìdúró ni, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń sáré lójú ọ̀nà Ṣàgámù lẹ́yìn Odógunyán. Tó bá jẹ́ pé inú gosló nìkan ló ti ń gbóná, tó sì máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá ti bọ́ sójú ọ̀nà tó já gaara, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń ṣe iṣẹ́ fáànù; bí ó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé orí eré ló ti ń gbóná, ẹ kọjú sí omi: rédíétọ̀ tí inú rẹ̀ ti dí, wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà, tẹmosítáàtì (ẹnu ọ̀nà tó ń ṣí fún omi láti lọ sí rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) tí kò ṣí tán, tàbí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ tó ń fún pọ̀ bí wọ́n bá ti tẹ tọ́tù. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ sìkáànà tí a fi ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ wúlò, mo sì ní in. Síbẹ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè kan yìí máa ń dín ibi tí ẹ fẹ́ tú kù kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà rárá.

Ìyá oníṣòwò kan gbé Camry tòkunbọ̀ wá. Níbi tó ti kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù, wọ́n ti yọ tẹmosítáàtì dànù, wọ́n sì ti ń sọ fún un pé tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) ló kù. Mo bi í ní ìbéèrè yẹn. Ó ní láti Ìjẹ̀dẹ́ títí dé Ìtàmágà, kò sí ohun tó ń ṣe é, àmọ́ tó bá ti kan èrò ọjà ní Sábó, géèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. A tan ọkọ̀, a tan AC, fáànù méjèèjì sì ń yí fòò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní fáànù dára. Mo ya tíṣù sí méjì, mo mú un lọ sí imú ọkọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, kọ̀ńdẹ́ńsà fa tíṣù náà mọ́ra, ó lẹ̀ típẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì, ńṣe ni tíṣù ń fẹ́ padà síwájú, tó ń lù mí lọ́wọ́, atẹ́gùn tó sì ń bá a jáde gbóná bí ẹni pé ẹnu ààrò ló ti ń bọ̀.

Fáànù kan ń fà, èkejì ń fẹ́ síta. Wọ́n ti ra mọ́tò fáànù àlòkù kan fún un rí, ẹnu wáyà rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ mu, réwáyà (ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe) sì gé e, ó so ó pọ̀ láìwò ó. Pọ́sítífù wọ ibi nẹ́gétífù. Irú mọ́tò yẹn kì í kú tí wọ́n bá yí wáyà rẹ̀ padà. Ó kàn máa yí sí òdì ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan ṣe ń kó ooru ẹ́ńjìnnì jáde síwájú, tí èkejì tún ń fà á wọlé. Lórí eré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á borí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi gbóná lọ́nà Ìjẹ̀dẹ́. A yí wáyà méjì padà, a dá tẹmosítáàtì tuntun sí i, a sì gbé e lọ sí Sábó ní ọ̀sán pẹ̀lú AC ní títàn. Ọwọ́ géèjì kò kúrò lójú kan. Owó rédíétọ̀ àti pọ́ọ̀ǹpù tí màmá yẹn ti ná ṣì máa ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, ẹ má wò ó pé fáànù ń yí kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Ó lè máa yí kó má lágbára. Ẹ fi mítà wọn iná lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì àti AC bá ń ṣiṣẹ́, tí fáànù sì ń yí ní agbára rẹ̀ kíkún. Ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 13 fóltì sókè. Tó bá jẹ́ 10 tàbí 11 ni ẹ rí, ẹ tọpa rẹ̀ lọ sí réléè (ohun tó ń tan iná fáànù tó sì ń pa á), ojú wáyà tó ti jó, àti wáyà ẹ́ẹ̀tì. Tí iná bá pé tí fáànù sì ń wọ́lẹ̀, bọ́rọ́ọ̀ṣì inú mọ́tò ti jẹ tán. Ọ̀pọ̀ Toyota tún wà tí fáànù méjèèjì ń pín iná kan náà lò tí wọ́n bá ń yí díẹ̀díẹ̀. Bí mọ́tò kan bá kú, èkejì ò ní yí ní ìpele yẹn, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ dá ṣáká. Ẹ mọ èyí kí ẹ tó dá ẹjọ́ fún réléè.

Lẹ́yìn fáànù ni ike tó yí i ká. Ó pọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti fọ́ ike yẹn níbi tí wọ́n ti ń tún páànù ṣe, tí wọ́n sì jù ú nù pé kò já mọ́ nǹkan. Ó já mọ́ nǹkan gan-an. Láìsí i, ìwọ̀nba ibi tó kọjú sí abẹ̀bẹ̀ fáànù nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà, igun rédíétọ̀ yòókù kàn wà níbẹ̀ lásán ni. Ẹ wo fóòmù tó dí àyè ẹ̀gbẹ́ kọ̀ńdẹ́ńsà àti rédíétọ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ sì tú àwọn méjèèjì kúrò lára wọn. Láti iwájú, kọ̀ńdẹ́ńsà lè mọ́ tónítóní, àmọ́ àárín òun àti rédíétọ̀ ni eruku pupa, ìyẹ́ kòkòrò àti ọ̀rá náílọ́ọ̀nù máa ń kó jọ sí, pàápàá fún àwọn tó ń gba ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí lójoojúmọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn. Tí ìmọ́lẹ̀ kò bá yọ síwájú, afẹ́fẹ́ náà ò lè kọjá. Ẹ fi omi tí kò le fọ̀ ọ́ láti ìhà ẹ́ńjìnnì síwájú, kí ẹ má bàa ká àwọn ewé irin tín-ín-rín ara rẹ̀ pọ̀.

Ní ti gáàsì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Àwọn kan máa ń rọ gáàsì sínú AC títí ọwọ́ wọn á fi kàn án pé ó tutù, láìka ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sára sítíkà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sí. Gáàsì tó pọ̀ jù máa ń mú kí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ṣe làálàá, kí kọ̀ńdẹ́ńsà sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Lórí gáàsì R134a, nínú ooru tiwa, ìtẹ̀ 200 sí 250 psi ní ìhà gíga (ìhà tí gáàsì ti ń lọ sí kọ̀ńdẹ́ńsà) kò burú. Tó bá ti ń kọjá 300, ẹ dúró. Ẹ da omi sí kọ̀ńdẹ́ńsà lára. Bí ìwọ̀n yẹn bá wálẹ̀ kíá tó sì dúró nílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí omi bá ń sàn, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá kọ̀ tí kò wálẹ̀, gáàsì ti pọ̀ jù tàbí ohun kan dí inú rẹ̀.

Ní ìhà omi, ìdérí rédíétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, torí pé owó rẹ̀ ló kéré jù. Ìdérí tó bá di ìtẹ̀ 1.1 bar mú kò ní jẹ́ kí omi hó títí yóò fi tó nǹkan bíi 121°C. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ ti rọ á jẹ́ kó hó ní 100°C, AC ló sì máa tètè tì í débẹ̀. Ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná, ì báà jẹ́ ọ̀gá ló ń kánjú. Mo ti rí ojú àti àyà tí omi rédíétọ̀ bó. Omi kànga tó ń sọ aṣọ funfun di pupa, ẹ má bù ú sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ lo kúláńtì àti omi dísítíìlì, ìyẹn omi tí wọ́n sọ di oru kí wọ́n tó gbà á padà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ tẹmosítáàtì. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó sọ pé Nàìjíríà gbóná kò nílò rẹ̀. Òun ló ń mú ẹ́ńjìnnì wà ní ìwọ̀n tó jó epo dáadáa, àwọn ẹ́ńjìnnì kan sì wà tí tẹmosítáàtì wọn náà ló ń ti ọ̀nà ẹ̀bùrú omi pa. Bí ẹ bá yọ irú rẹ̀, ọ̀pọ̀ omi á máa yípo nínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀, ọkọ̀ á sì túbọ̀ gbóná. Bákan náà, bí mẹkáníìkì bá ní “ẹ ṣáà má tan AC,” kò tíì tún ọkọ̀ náà ṣe.

Tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ló gbẹ̀yìn. Ẹ wá ẹ̀rí kí ẹ tó tú u: họ́ọ̀sì tó le gbandi láìpẹ́ tí wọ́n tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀, omi tó ń hó yọyọ lẹ́nu rédíétọ̀ láìtíì gbóná, èéfín funfun tí kò lọ, tàbí omi aláwọ̀ búlúù tí a fi ń dán an wò tó di yẹ́lò.

Bí ẹ bá sì ti tún un ṣe tán, ẹ má dán an wò ní òwúrọ̀ kùtù. Ẹ so sìkáànà mọ́ ọn, ẹ ti gíláàsì, ẹ fi AC sí ipò tó le jù, kí ẹ dúró lójú kan ní agogo méjì ọ̀sán. Ọwọ́ géèjì inú ọkọ̀ ayé òde òní máa ń dúró sáàárín bí ìgbóná tilẹ̀ ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà orí sìkáànà ni kí ẹ máa wò. Ó yẹ kó gòkè díẹ̀, kí fáànù fẹ́ gan-an, kó sì padà wálẹ̀, léraléra. Tó bá ń gòkè láìpadà nígbà tí fáànù méjèèjì ń fa tíṣù dáadáa, ẹ tú rédíétọ̀ sílẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀.