Mo tẹ̀lé òyìnbó lọ wòran òjò

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Lóṣù Keje ọdún tó kọjá, èmi tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tí òjò ti pa láti kékeré débi pé tó bá rí mi ó yẹ kó kí mi, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò tíì jẹun, mo wọ mọ́tò tẹ̀lé bàbá òyìnbó kan lọ sórí òkè láti lọ wòran òjò. Òjò o! Kì í ṣe bọ́ọ̀lù, kì í ṣe òde àríyá. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní "Bàbá Tómi, ṣé kò sí o?" Mi ò lésì kankan.

Chatham là ń gbé, ní Kent, ọmọ Nàìjíríà ti pọ̀ níbẹ̀ báyìí torí owó ilé London ò ṣe é gbọ́ sétí mọ́. Bàbá yìí ni aládùúgbò wa, ó ti lé láàádọ́rin ọdún, rélùwéè ló bá ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Èmi àtìyàwó mi sọ ọ́ ní Bàbá Olójò, kò mọ̀. Lẹ́yìnkùlé ẹ̀, àpótí funfun kan dúró síbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ara ẹ̀ rí bíi wíńdò lúfà tá a máa ń lò nílé, káfẹ́fẹ́ lè gba inú ẹ̀ kọjá kóòrùn má sì ríbi wọlé, tẹmómítà ló wà nínú ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni agolo bàbà kan wà tó rì mọ́lẹ̀ dé ìdajì, ìyẹn ló ń gba òjò. Ojoojúmọ́ ayé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ (tó bá dìgbà ooru tí wọ́n ti sún aago síwájú á di mẹ́wàá), bàbá á jáde, á da omi inú agolo sínú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á gbé e sókè dọ́gba ojú, á wò ó, á lọ kọ ọ́ sínú ìwé. Tójò ò bá rọ̀ rárá, á kọ òdo.

Ọdún 1976 ló bẹ̀rẹ̀, ẹ sì wo ọdún tó mú, ọdún tí ọ̀dá dá ní England débi pé ìjọba yan mínísítà fún ọ̀dá, Denis Howell lorúkọ ẹ̀, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n yàn án tójò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bíi pé wọ́n ń lé e. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ tiwa ni, ta ló máa gbà pé ọkùnrin yẹn ò lóògùn òjò nílé? Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún Bàbá Olójò lórí gbogbo ẹ̀, ó kàn wù ú ni, àwọn bíi tiẹ̀ sì pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń wọn ojú ọjọ́ nílé wọn wà látọdún 1970, Climatological Observers Link, TORRO tó ń kó ìtàn ìjì àti yìnyín jọ sì ti wà láti 1974.

Nílé wa, ta ló ń wọn òjò? Ìyá ìyá mi ní Mọ́níyà, èlùbọ́ ló ń ṣe, tó bá ti sá gbódó sórí àpáta, ojú ẹ̀ kì í kúrò lókè. Ó máa ń ní òjò tó bá ti ìlà oòrùn ṣú, ẹ má bá a ṣeré, èyí tó bá ti ìwọ̀ oòrùn ṣú, ẹ ṣì lè jẹun tán. Á gbóòórùn ilẹ̀, á wo ewúrẹ́ bóyá wọ́n ti ń sá bọ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wá figbe ta pé "Ẹ palẹ̀ mọ́!", kí ẹ tó ká ẹní kejì eruku ti bo gbogbo ilẹ̀, páànù ti ń lu ara wọn, òjò dé nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣì í lójú mi, ọ̀sẹ̀ méjì la fi jẹ àmàlà tó ń rùn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni ti ìlà oòrùn yẹn, àfìgbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá Olójò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dìde lórí àga, ó ní òótọ́ nìyá yẹn ń sọ. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa lásìkò òjò, orí òkun ló ti ń bọ̀, òun ló ń gbé omi wá, ṣùgbọ́n èyí tó ń fẹ́ lókè, bíi kìlómítà mẹ́ta sókè, ìlà oòrùn ló ti ń bọ̀ ní tiẹ̀, òun ló ń ti àwọn òjò ńlá tó tò gbọọrọ wọ̀nyẹn lọ sápá ìwọ̀. Òyìnbó tí ò tẹ Áfíríkà rí ló wá ń túmọ̀ ìyá mi àgbà fún mi nínú kíṣìnnì ẹ̀.

Ní tibí, gúúsù ni wọ́n máa ń wò. Ooru á kọ́kọ́ mú ná. 33 ni wọ́n pè é lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé á ní kí ló wà nínú 33, ẹ wá sùn nínú ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ kó lè tọ́jú ooru pamọ́, kò sí AC, kò sí fáànù òkè, wíńdò ò sì ṣí ju ìka mẹ́rin lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á ti Sípéènì gbéra, á gba orí Faransé kọjá, Spanish plume ni wọ́n ń pè é, á wá dé sórí afẹ́fẹ́ olómi tó wà nísàlẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Títí ọjọ́ á fi rọ̀ ni ìkòkò á máa hó lábẹ́, tí ọmọrí bá wá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìkúùkù á rú sókè. Met Office, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn, ti gbé ìkìlọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò jáde láàárọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ míì ní ọ́fíìsì wa, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìdìbò. Nílé NiMet, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ tiwa, náà ń kìlọ̀ o, ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ìgbà tójò máa bẹ̀rẹ̀ àtìgbà tó máa dáwọ́ dúró fáwọn àgbẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún màámi làwa ń gbọ́ ní tiwa.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni bàbá kan ilẹ̀kùn, fóònù lọ́wọ́, ó ní "Wò ó!" Àmì kéékèèké kún orí máàpù lápá Normandy ní Faransé. Àmì kan, mànàmáná kan, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ á funfun, tó bá pẹ́ díẹ̀ á pọ́n. Blitzortung lorúkọ ẹ̀, Jámánì ló ti bẹ̀rẹ̀, aráàlú ló sì gbé e ró, èèyàn á kàn gbé ẹ̀rọ kékeré kan pẹ̀lú eríà sílé ẹ̀. Ẹ rántí bí rédíò ṣe máa ń há kàràkàrà tí mànàmáná bá kọ, ariwo yẹn làwọn ẹ̀rọ náà ń gbọ́, ti ìlú kan á gbọ́ ọ ṣáájú tìlú kejì, ìyàtọ̀ àkókò tín-ín-tín yẹn ni wọ́n fi ń mọ ibi tó ti kọ gan-an. Bàbá ní ọ̀kan lókè àjà. Aago méje, àmì ti wọ orí omi. Ó ní tí wọn ò bá yà, aago mẹ́sàn-án wọ́n á dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní kí n jẹ́ ká lọ sí Blue Bell Hill.

Orí òkè yẹn, tẹ́ ẹ bá dúró níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò, gbogbo ilẹ̀ Kent lápá gúúsù á tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀ yín. A bá bíi èèyàn méje níbẹ̀. Obìnrin kan gbé tíì sínú fúláàsì, àwọn méjì ti gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ọmọkùnrin kan tí ò lè ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ mú ìwé dání, bàbá ẹ̀ ló wà á wá. Lọ́ọ̀ọ́kán, ìkúùkù ti ga bí òkè, orí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí irin tí alágbẹ̀dẹ ń lu ọkọ́ lé lórí, oòrùn tó ń wọ̀ kun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ní àwọ̀ òféfèé, ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì dúdú bí aró. Ó rẹwà, mi ò lè purọ́. Mo ti wo irú ẹ̀ nígbà àìmọye nílé o, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo sì máa ń kọ sí i, torí eré ni mò ń sá.

Mànàmáná kọ, gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń kà á sínú, ení, èjì, ẹ̀ta, títí àrá fi dún gbùrù lọ́ọ̀ọ́kán. Iye tí wọ́n bá kà, wọ́n á fi mẹ́ta pín in, ìyẹn ni kìlómítà tó wà láàárín wa. Bàbá ọmọ yẹn ní tí kíkà bá ti wálẹ̀ dé ọgbọ̀n, kí kálukú wọ inú mọ́tò, torí irin ara mọ́tò ló máa gbé iná ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Nílé wọ́n ní ká má fọwọ́ kan irin tí àrá bá ń sán, níbí inú irin ni wọ́n ń sá sí. Ọmọ náà ní kí la tún máa ń ṣe. Mo ní a máa ń yọ tẹlifíṣọ̀n lára iná (tí NEPA ò bá tíì mú un lọ), a máa ń fi aṣọ bo dígí, ẹni tó wọ aṣọ pupa á lọ bọ́ ọ, àwọn àgbà á ní "Kábíyèsí!", àtipé láyé àtijọ́ tí àrá bá ja ilé ẹnìkan, àwọn oníṢàngó máa wá hú ẹdùn àrá jáde nílẹ̀, onílé á sì sanwó ìtánràn lórí ilé tó ti jóná. Ọmọ ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mélòó ni àrá máa ń sán lọ́dún níbẹ̀, mo ní tó bá jẹ́ oṣù Karùn-ún ó lè sán lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wò mí bíi pé mo ní a ń wa góòlù lẹ́yìnkùlé.

Mo tún sọ fún Bàbá Olójò nípa àwọn tó ń so òjò, pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìnáwó, lẹ́yìn owó kánópì, owó wọn náà wà níbẹ̀. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ní nínú ìnáwó mẹ́wàá, mélòó lòjò ò ti rọ̀, àbí wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ ni?

Obìnrin onítíì ló kíyè sí i pé mi ò wo òkè bíi tiwọn, ojú títì àti gọ́tà ni mò ń wò. Mo ní Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi. Ó ti yé ẹ̀yin, kò yé e, mo wá ń ṣàlàyé omíyalé Ògùnpa fún un, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí wọn ò tíì bí mi ṣùgbọ́n tí mo gbọ́ títí ó fi dà bíi pé mo wà níbẹ̀, àti 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 tí mo wà níbẹ̀ ní tèmi, tí èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kú. Mo rí fíríìjì kan lórí omi lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí, ó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jó, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní "Tiwa nìyẹn." Àwa náà wòran òjò lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé tíì wá. Obìnrin náà ní omi wọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ London lóṣù Keje 2021, mo ní mo gbọ́, a dákẹ́.

Ẹ mọ ohun tójò yẹn ṣe? Ó yà! Apá kan kọrí sí London, apá kan gba ọ̀nà Thanet lọ, lápá ìlà oòrùn Kent, bí ìgbà tí olówó bá rí ẹni tó fẹ́ yáwó. Ẹ̀kán márùn-ún ló bọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, mo kà á. Wọ́n ká kámẹ́rà wọn, ojú gbogbo wọn fà bí ojú àwọn tí Arsenal ṣẹ̀ṣẹ̀ já kulẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ní "Ó ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́." A lọ sílé.

Aago mẹ́ta òru kù díẹ̀, GBÀÀ! Ilé mì tìtì, àwọn ọmọ ti dé orí bẹ́ẹ̀dì wa. Òmíì tí ẹnikẹ́ni ò retí ti ṣú lẹ́yìn wa, yìnyín ń lu òrùlé. Mo wo wíńdò, Bàbá Olójò wà níta nínú pìjáámà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ibẹ̀ ni mo ti rí yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ lórí okùn. Gbogbo ọ̀sán là ń wo máàpù, kò sẹ́ni tó kó aṣọ wọlé. Ìyá mi àgbà á ti fọ́ mi létí.

Láàárọ̀ bàbá gbé gíláàsì sókè dọ́gba ojú, 24.6 mílímítà, inú ẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n bá ṣọmọ lórúkọ. Kí n lè bá a ṣeré, mo ní ti màámi n'Ìbàdàn jùyẹn lọ, dúrọ́ọ̀mù ẹ̀ kún lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé gbangba ni dúrọ́ọ̀mù náà wà àbí abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, báwo ni ẹnu ẹ̀ sì ṣe fẹ̀ tó? Mo pe màámi lórí WhatsApp níwájú ẹ̀. Màámi ní abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ kẹ̀, níbo lèèyàn tún ń gbé dúrọ́ọ̀mù sí, ṣé òyìnbó yẹn ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni, kí n bá òun kí i o.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́ ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Tépù ìránṣọ ẹ̀ ló tẹ́ sórí ẹnu dúrọ́ọ̀mù, ínṣì mẹ́tàlélógún.