Ẹ má provoke mi o

Òjò bí ti àná. Iná ò tíì dé. Mo ṣí kàlẹ́ńdà sí oṣù tuntun.

Ọ̀rọ̀ obìnrin inú bọ́ọ̀sì yẹn kò kúrò létí mi: "Ẹ má provoke mi o." Ọ̀rọ̀ ṣéńjì lásán. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹ̀bẹ̀.

Lédè Látìn, vocare ni kí a pè; pro, síwájú, síta. Ẹni tó provoke ènìyàn pe nǹkan jáde. Mo kọ́kọ́ rò pé ìpèníjà wa gan-an nìyẹn, torí àwọn ará Róòmù ní irú oníjà orí pápá kan tí wọ́n ń pè ní provocator, ẹni tó ń peni níjà. Ṣùgbọ́n ta ló pe obìnrin yẹn níjà? Ìbínú tó ti sùn ni wọ́n ń pè. Bí a bá sì pe ìbínú, kì í pẹ́ kó tó jẹ́.

Evoke náà, pípè jáde ni, àmọ́ ìrántí ni tirẹ̀ ń pè. Revoke, pípè padà: àṣẹ tí wọ́n ti fún ni, wọ́n gbà á padà. Convoke, pípè jọ. Advocate ló ń tan ènìyàn jẹ: advocatus kì í ṣe ẹni tó ń pè, ẹni tí a pè wá sí ẹ̀gbẹ́ wa ni. Alágbàwí inú 1 Jòhánù 2:1 bá a mu ju agbẹjọ́rò lọ, lójú tèmi. Ta ni ì bá bá obìnrin yẹn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ wí? Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́.

Kí n tó gbàgbé, lẹ́tà k inú provoke: bí c bá ṣíwájú e, ohùn s ló ń mú wá, ìdí nìyẹn tí k fi gba ipò rẹ̀. Ní provocation, a ló tẹ̀lé e, c sì padà sáyè rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ provokation ti ń ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni revocation àti invocation. Ìdílé clamare, kí a ké, ní ìdẹkùn tirẹ̀: proclaim ní ai, proclamation ju i yẹn nù.

Kàlẹ́ńdà gan-an, pípè ni. Calare, kí a kéde. Lọ́jọ́ kìíní oṣù, àlùfáà Róòmù á kéde bóyá ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkeje ni Nonae, ọjọ́ pàtàkì kan nínú oṣù wọn, máa bọ́ sí. Ọjọ́ kìíní yẹn, Kalendae, náà ni èlé orí gbèsè ń pé.

Òní sì ni ọjọ́ kìíní. Bóyá kì í ṣe ṣéńjì ló pe ìbínú rẹ̀ jáde... Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Ìkejì rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.